Bẹ́líìtì Tí Wọ́n Fi Wáyà Rán

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Damaris àti Ìbítóyè ọkọ rẹ̀ fi jẹ ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran nínú ní Ọ̀sí, àfi bí ọdún Kérésìmesì tàbí ọdún Àjíǹde bá dé. Kì í ṣe pé wọn kò rówó ẹran rà rárá. Ẹ̀rọ gààrí ni wọ́n ń lépa. Damaris gan-an ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Nígbà yẹn, ilé ẹ̀rọ ẹlòmíràn ló ń ru ẹ̀gẹ́ lọ, tí yóò tò síbẹ̀ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Lọ́jọ́ kan ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀, ó ní, "Bàbá Favour, bí a bá lè ṣún ara wa, àwa náà á ní tiwa."

Wọ́n sì ṣún ara wọn lóòótọ́. Damaris ń sá ilá, ó ń sá ata, ó ń fi eérú èèpo kòkó po ọṣẹ. Ìró méjì ló ń ró, ọ̀kan fún oko, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ti oko bá ya, á lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣeé lẹ̀ mọ́, á gé e ṣe àkísà. Ìbítóyè náà kò fi í sílẹ̀ kí ó dá a ṣe. Ó pa ẹmu tì, ó ta alùpùpù rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sí oko lọ́nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tí ọdún keje wọlé, wọ́n ra ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilé, wọ́n fi páànù bò ó lórí, àwọn obìnrin àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn, wọ́n pe Ìbítóyè jáde kí ó bá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń ṣún owó ná. Damaris jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin, orí rẹ̀ ń wú.

Ohun tí kò tètè rí nìyí. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ẹran padà sínú àwo Ìbítóyè, alùpùpù mìíràn sì dé sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí híhá ti mọ́ lára kò sinmi rẹ̀. Ara ẹlòmíràn ló kàn bẹ̀rẹ̀ sí í há sí. Bí obìnrin kan bá rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán, tí ó ti sanwó, Ìbítóyè á tún bu abọ́ kan nínú rẹ̀, á ní èyí tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ti ẹ̀rọ ni. Àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ ń dúró nínú oòrùn, nítorí ó ní ẹ̀rọ lòun ra páànù fún, òun kò rà á fún ènìyàn. Bí wọ́n bá béèrè omi ìfọwọ́, á júwe odò fún wọn. Damaris ń rí gbogbo rẹ̀. Ìṣúnná ló ń pè é, torí orúkọ tí àwọn méjèèjì ti jọ ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó sì mọ ohun tó ń lé ọkọ rẹ̀. Ìbítóyè wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Pákó ilẹ̀kùn ilé wọn ni wọ́n tú láti fi kan pósí rẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà sì wà lófìfo fún ọdún méjì. Damaris gbà pé ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí irú ìyẹn kò lè yé bẹ̀rù òṣì.

Asiat ló ń bá wọn ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ọmọ Salamot ẹlẹ́pà ni, ilé wọn ló tẹ̀ lé ti Ìbítóyè. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Asiat. Ó ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán parí ní Ìlọ́fà, ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù tí yóò rà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ nílé ẹ̀rọ. Bí ọ̀sán bá pọ́n, gààrí ló ń rẹ mu pẹ̀lú ẹ̀pà ìyá rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rọ ìránṣọ òun ti kúrò nílé, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀ ni kò ṣe tíì dé. Damaris fẹ́ràn rẹ̀. Bí ó bá ń wò ó, ara rẹ̀ àtijọ́ ló ń wò.

Ní oṣù Keje, nígbà tí òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọ̀wà jẹ́ tí dísẹ́ẹ̀lì sì ti gbówó lórí, bẹ́líìtì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ já. Damaris rò pé ọkọ òun yóò lọ ra tuntun. Nígbà tó ti oko dé, ó bá a lórí àpótí, ó ti fi ìṣó lu ihò sí etí bẹ́líìtì náà méjèèjì, ó ń fi wáyà tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń di irin rán an pọ̀ bí ẹni ń rán ẹnu àpò.

"Bàbá Favour, bẹ́líìtì yìí ti parí."

Ìbítóyè fi í sẹ́nu iṣẹ́, ó tan ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì náà yí, ó ń dún ta, ta, ta níbi tí wáyà ti ń kan irin. "Ṣé ó ń yí àbí kò yí?"

"Ó ń yí."

"Kí lo wá ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ fún?"

"Orí wáyà yẹn yọ síta."

"Kí ẹni tó lójú yàgò fún un. Ìwọ tí o kọ́ mi ní ìṣúnná, ìwọ ló tún fẹ́ kọ́ mi ní ìnákúnàá."

Lọ́jọ́ kẹta, orí wáyà náà kọ́ ìró Damaris bí ó ti ń kọjá, ó sì fa ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan ya kúrò lára rẹ̀ kí ó tó fò sẹ́yìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lẹ ìró náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Favour ọmọ rẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó fà á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná.

"Gbọ́ mi dáadáa. O ò gbọdọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì yẹn mọ́. Bí bàbá rẹ bá rán ọ níṣẹ́ débẹ̀, pè mí."

Favour ní òun ti gbọ́. Asiat kò jìnnà sí wọn lọ́jọ́ náà, ó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀rọ, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Damaris kò pè é. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Bí ó bá kìlọ̀ fún Asiat, Asiat yóò béèrè ẹni tí yóò máa dúró níbẹ̀, èsì kan ṣoṣo ló sì wà fún ìbéèrè yẹn, pé kí wọ́n ra bẹ́líìtì. Ó rò pé bí ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn bá parí, òun yóò tún bá ọkọ òun sọ ọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n àwọn fi tiwọn sórí òrùlé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ń sùn.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà ni. Obìnrin bí mẹ́wàá ló ti gbé ẹ̀gẹ́ wá láti àárọ̀. Òjò tó rọ̀ mọ́jú ti mú kí bẹ́líìtì tutù, ó ń yọ̀, ẹ̀rọ kò sì lágbára. Ìbítóyè ń bá àwọn obìnrin dúnàádúrà, kò tilẹ̀ yíjú nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

"Asiat, fi oje igi pa bẹ́líìtì yẹn kí ó lè di irin mú."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì ná, sà."

"Bí o bá pa á, dísẹ́ẹ̀lì mélòó la ó tún fi tan án? Bí ó ṣe ń yí yẹn ni kí o ṣe fi oje náà pa bẹ́líìtì."

Damaris wà nídìí agbada, ó ń yan gààrí. Ó gbọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó rí Asiat tí ó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì, oje lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́. Damaris la ẹnu. Ṣùgbọ́n gààrí inú agbada ti ń pọ́n, bí kò bá rò ó yóò jóná. Ó wí fún ara rẹ̀ pé ọmọ náà kì í ṣe aláìfarabalẹ̀, ó sì dojú kọ agbada rẹ̀.

Kì í ṣe igbe ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ló yí ohùn padà, bí ohùn ẹni tí òkèlè há lọ́fun. Lẹ́yìn náà ni igbe.

Kí Ìbítóyè tó pa ẹ́ńjìnnì, wáyà náà ti fi ọwọ́ aṣọ wọ́ apá ọ̀tún Asiat wọ àárín bẹ́líìtì àti irin. Àdá ni wọ́n fi gé bẹ́líìtì kí wọ́n tó rí i yọ. Nígbà yẹn, Asiat kò sunkún mọ́. Ó ń wo apá náà bí ẹni ń wo nǹkan ẹlòmíràn.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ di apá náà, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó sì ní kí wọ́n má ṣe jókòó rárá. "Ìlọrin, báyìí báyìí. Ẹ̀jẹ̀ kò dé ìka rẹ̀ dáadáa mọ́. Bí ẹ bá tètè débẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i tò."

Issa onítakisí wà ní gáréèjì. Ó dárúkọ iye tí yóò gbà láti gbé wọn nìkan lọ tààrà, ó sì ní kí wọ́n má bínú, epo tí òun yóò rà gan-an lòun ń wí. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe Salamot nídìí ẹ̀pà rẹ̀. Ó ti wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé orí ọmọ rẹ̀ lé itan, ètè rẹ̀ ń mì sí àdúrà. Ìbítóyè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Issa, owó yẹn pọ̀ jù. Jẹ́ kí èrò méjì wọlé sí i, kí olúkúlùkù san tirẹ̀."

Issa yíjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀. "Bàbá Favour, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ yìí ń ṣẹ̀jẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ti dì í, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Èrò Ìlọrin kì í pẹ́ dé."

Salamot gbọ́. Ó tú owó ẹ̀pà tó wà ní kókó ìró rẹ̀, ó nà án sí Issa lójú fèrèsé. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí Issa wí. Issa gbà á, ó dì í mú lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Damaris dúró síbẹ̀. Ó ń retí pé láìpẹ́ ojú yóò ti ọkọ òun, tí yóò tọwọ́ bọ àpò. Ó retí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ojú kò ti Ìbítóyè. Èrò kan ṣoṣo ló dé, ọkùnrin kan tí ó ru àpò iṣu, Ìbítóyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé iṣu náà sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí Damaris rí ìyẹn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé e. Ó sáré délé, ó fi ọmọ odó fọ́ kóló tí ó ń tọ́jú owó ìdánwò Favour sí, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìborùn, ó sáré padà nínú òjò. Ó dà á sórí itan Issa láìkà á.

"Ẹ gbé wa lọ."

Wọ́n gbé àpò iṣu sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà kún fún kòtò àti ẹrẹ̀, wọn kò lè sáré. Bí ọkọ̀ bá ti jó sínú kòtò, Asiat á fọhùn lẹ́ẹ̀kan, kékeré, lẹ́yìn náà kò fọhùn mọ́ rárá. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé Ìlọrin. Dókítà tó gbà wọ́n kò bú ẹnikẹ́ni. Ó béèrè ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé apá Asiat lókè ìgúnpá.

Ọjọ́ kẹrin ni Ìbítóyè wá. Ó gbé ààbọ̀ àpò gààrí wá, ó dúró ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyá Asiat, kádàrá ni. Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀." Asiat kọjú sí ògiri. Ìbítóyè dúró díẹ̀ sí i, ó ní òun fẹ́ bá ọkọ̀ tó ń padà lọ, ó sì lọ.

Damaris kò tíì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun ló ń fọ aṣọ Asiat, òun ló ń lọ pọnmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òun àti Salamot jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ará aláìsàn ti ń dáná, Salamot ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Ìyá Asiat, mo mọ̀ pé bẹ́líìtì yẹn lè mú ènìyàn."

Salamot ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ó ti mú ìró mi rí. Mo sọ fún Favour pé kò gbọdọ̀ débẹ̀ mọ́. N kò sọ fún Asiat."

Ọwọ́ Salamot dúró nínú ìrẹsì. Obìnrin kan kọjá pẹ̀lú kẹ́tùrù omi gbígbóná, ó kí wọn, àwọn méjèèjì sì dá a lóhùn.

"Ọmọ ọdún mélòó ni Favour?"

"Mẹ́rìnlá."

"Ọlọ́run á dá a sí." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta náà. "Ẹ máa lọ sílé, Ìyá Favour. Ẹ má wá mọ́."

Kò bínú sọ ọ́. Ì bá sàn lójú Damaris kí ó ṣẹ́ èpè, nítorí ẹni tí wọ́n ṣépè fún lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí i padà. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀.

Nígbà tó dé Ọ̀sí, ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì láti òpópónà. Bẹ́líìtì tuntun ló ń yí lára rẹ̀, dúdú, ó ń dán. Obìnrin kan tí wọ́n mú wá láti Odò-Ọ̀wà ló ń ti ẹ̀gẹ́. Damaris béèrè iye tí wọ́n ra bẹ́líìtì. Owó náà kò tó èyí tí Issa gbà lọ sí Ìlọrin. Ó dúró títí àwọn obìnrin fi kó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin lọ tán, kí ó tó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"A máa ta ẹ̀rọ yìí, a ó kó owó rẹ̀ fún Asiat."

Ìbítóyè rẹ́rìn-ín tí kì í ṣe ti ayọ̀. "Ọdún mẹ́fà tí a fi panu mọ́. Kí n wá gbé e fún ẹni tí kò wo iwájú rẹ̀? Ìwọ fúnra rẹ lo ní ká ṣún ara wa."

"Mo ní ká ṣún ara wa. Ara wa ni mo wí. Ẹran tí a kò jẹ, ẹnu wa ni kò jẹ ẹ́. N kò ní ká ṣún apá ọmọ ọlọ́mọ."

Ìbítóyè jókòó sórí àpótí, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "O fẹ́ kí n kú bí bàbá mi," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá yí Damaris nínú. Lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ ọ, ó sì wọlé lọ.

Ó ta ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi rán Issa sí Salamot fún owó ilé ìwòsàn. Salamot gbà á, kò ránṣẹ́ kankan padà. Damaris kò yan gààrí fún Ìbítóyè mọ́, kò sì jẹ nínú oúnjẹ tí owó ẹ̀rọ bá rà. Oko ẹ̀gúsí rẹ̀ ló padà sí. Ní ti àwọn obìnrin àdúgbò, wọ́n sọ̀rọ̀, ẹnu wọn kò dákẹ́, àwọn kan tilẹ̀ tutọ́ sílẹ̀ bí Ìbítóyè bá kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú kì í dúró de ẹni tó ń bínú. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti ń bàjẹ́, ẹ̀rọ kejì sì jìnnà. Wọ́n ń wá. Wọ́n ń sanwó. Ìbítóyè ń bu abọ́ tirẹ̀.

Ìparí oṣù Kẹsàn-án, Damaris jókòó níwájú ilé lówùúrọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí ó rí Asiat tí ó ń bọ̀. Híjáàbù ńlá ló wọ̀, ó bò ó dé orúnkún. Ó ti rù. Ó dúró jìnnà díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bí ó ti máa ń ṣe.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Asiat." Damaris sọ ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Àpò mi ni mo wá mú. Mo gbé e kọ́ sára òpó nílé ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Sísọ́ọ̀sì mi àti téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ló wà nínú rẹ̀. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní Ìlọ́fà fẹ́ rà á."

Damaris gba ẹ̀yìn ilé. Ìbítóyè rí i, ó mọ ẹni tó dé, ó sì tẹrí ba sídìí ẹ́ńjìnnì bí ẹni pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Àpò náà ṣì wà lórí ìṣó ara òpó náà, ìyẹ̀fun gbígbẹ ti bò ó funfun. Damaris gbọ̀n ọ́n títí ó fi mọ́. Nígbà tó padà dé iwájú Asiat, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, mà," ni Asiat wí. "Ẹ dìde." Ó na ọwọ́ jáde láti abẹ́ híjáàbù. "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni."

Damaris gbé àpò náà lé e lọ́wọ́. Asiat dúpẹ́, ó yíjú padà, ó bọ́ sójú ọ̀nà. Níbi tó dé igi máńgòrò, ó dúró láti gbé okùn àpò náà kọ́ èjìká. Okùn náà yọ̀ bọ́. Ó tún un gbé, ó tún yọ̀ bọ́. Damaris wà lórí orúnkún níbẹ̀, ó ń wò ó, kò mọ̀ bóyá kí òun dìde lọ bá a tàbí kí òun má dìde. Nígbà kẹta, Asiat fi eyín di okùn náà mú, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó sì ń lọ.